Bí Ẹ Bá Fẹ́ Gbé Ọmọ Kékeré Wọ Ọkọ̀ Ojú Omi

Ẹ̀yin ìyá wa, ẹ̀yin bàbá wa, ẹ̀yin ará Pobẹ̀ àti Ṣakété àti gbogbo abúlé tó yí wọn ká, ẹ gbọ́. Ọ̀rọ̀ omi la fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan yóò ti wí nínú ara rẹ̀ pé: "Kí ló pa àwa àti omi pọ̀? Ará orí ilẹ̀ ni wá. Ọ̀pẹ ni iṣẹ́ wa, àgbàdo àti ẹ̀gẹ́ ni iṣẹ́ wa." Òótọ́ lẹ sọ. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo bí a ṣe ń rìn. Àwọn ìyá wa ń ná ọjà Àjàṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wa ló ní ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò ní Àgbádárìgì àti ní Èkó. Bí a bá dé Àjàṣẹ́, tí a fẹ́ lọ sí Aguégués, omi la ó gbà. Bí a bá fẹ́ lọ kí ènìyàn wa ní Ganvié, a ó wọ ọkọ̀ ní Calavi. Ọ̀sà tí a ń rí ní ìsàlẹ̀ Àjàṣẹ́ yẹn, òun náà ló ń lọ sí ìhà ìlà oòrùn títí dé Àgbádárìgì, títí dé Èkó. Nígbà tí ìsìnkú bá ṣẹlẹ̀, tàbí ìgbéyàwó, tàbí ìsọmọlórúkọ, kì í ṣe àgbà nìkan ló ń lọ. A máa ń gbé ọmọ dání.

Ọmọ Ganvié kò dà bí ọmọ tiwa. Orí omi ni wọ́n bí i sí. Ọmọdé ni nígbà tó ti ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ tukọ̀. Ọmọ tiwa, omi inú korobá ló mọ̀, àti omi òjò. Bí ẹ bá gbé e wọ ọkọ̀, yóò rò pé orí ẹní ni òun wà. Yóò dìde. Yóò fẹ́ fi ọwọ́ kan omi. Nítorí náà, ohun tí ará Ganvié lè fi ojú fò, àwa kò gbọdọ̀ fi ojú fò ó.

Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ yìí, mo fi ojú fò ó rí. Mo ń gbé ọmọ mi obìnrin lọ sí Aguégués. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni. A ti mú aṣọ àríyá rẹ̀ dání, a ti dirun fún un, bàtà tuntun wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Mo rò pé mo ti múra. Nígbà tí a dé àárín omi, bàtà kan bọ́ sómi. Ọmọ na ọwọ́ tẹ̀lé bàtà rẹ̀, òun náà sì bọ́ sómi. Kò ké. Kò pe ìyá, kò pe bàbá. Iwájú ni èmi ń wò, mò ń bá ẹni tó jókòó tì mí sọ̀rọ̀ nípa owó àgbàdo. Ọlọ́kọ̀ tó wà lẹ́yìn ló rí i. Ó ju ọ̀pá sílẹ̀, ó gbá ọmọ mú ní ẹ̀wù, ó fà á wọlé. Gbogbo rẹ̀ kò pẹ́ tó bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Ọmọ bì, ó sunkún, ó yè. Ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá gbọ́ tí nǹkan bọ́ sómi, àyà mi a já.

Ohun tí mo kọ́ lọ́jọ́ náà ni pé ọmọ tó ń rì kì í pariwo. Omi ti dí i lẹ́nu. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ló ń gbà. Bí ẹ bá ń dúró kí ẹ gbọ́ igbe kí ẹ tó yíjú, ẹ ti pẹ́. Ohun tí yóò gba ọmọ yín lórí omi ni èyí tí ẹ ti ṣe sílẹ̀ nílé, kí ẹ tó kúrò ní Pobẹ̀, kí ẹ tó kúrò ní Ṣakété.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí aṣọ. Kì í ṣe aṣọ àríyá o. Aṣọ ìléfòó ni mò ń sọ, èyí tí àwọn ọlọ́kọ̀ ń pè ní gilé. Ó máa ń pupa tàbí kó ní àwọ̀ ọsàn, kí ojú lè tètè rí i lórí omi. Fóòmù ló wà nínú rẹ̀. Òun ni kì í jẹ́ kí ẹni tó wọ̀ ọ́ rì. Èyí tó máa ń wà nínú ọkọ̀, bó bá tilẹ̀ wà, ti àgbà ni lọ́pọ̀ ìgbà. Ẹ má wọ gilé àgbà fún ọmọ. Bí ọmọ bá bọ́ sómi, gilé yóò léfòó, ọmọ yóò sì yọ́ gba abẹ́ rẹ̀ lọ.

Báwo la ṣe ń mọ èyí tó bá ọmọ mu? Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ ìwé kà, ibí yìí ni ìwé yín ti wúlò. Ẹ wo inú gilé, ẹ ó rí àkọlé kékeré kan. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ kg sí. Kílò nìyẹn. Ẹ lè rí 10–20 kg, tàbí 20–30 kg. Ìwọ̀n ara ọmọ tí wọ́n rán an fún nìyẹn. Ẹ wá mú ìwé ìwọ̀n ọmọ yín, èyí tí wọ́n ń kọ nǹkan sí nígbà tí ẹ bá gbé e lọ gba abẹ́rẹ́. Kílò ọmọ wà níbẹ̀. Bó bá ti pẹ́ tí wọ́n ti wọ̀n ọ́n, ẹ tún gbé e lọ fún wíwọ̀n. Ọmọ kílò 13 yóò wọ 10–20. Ọdún ọmọ kọ́ la ń wò, kílò rẹ̀ ni. Ẹ tún lè rí nọ́ńbà mìíràn tó dá dúró: 50, tàbí 100, tàbí 150. Èyí tó ní 50, ti ẹni tó mọ̀wẹ̀ ni. Ọmọ tí kò mọ̀wẹ̀, 100 tàbí 150 ni kí ẹ wá fún un, èyí tó ní ìrọ̀rí lẹ́yìn orí, tí yóò gbé ojú rẹ̀ sókè kúrò nínú omi.

Ẹ wọ̀ ọ́ fún un nílé. Ẹ de gbogbo okùn rẹ̀, pàápàá èyí tó ń gba àárín itan kọjá. Lẹ́yìn náà, ẹ di gilé mú ní èjìká, ẹ gbé ọmọ sókè díẹ̀. Bí gilé bá gòkè dé etí rẹ̀, ó tóbi jù. Bó bá dúró lójú kan, ó dára. Ẹ jẹ́ kó máa fi ṣeré nínú àgbàlá fún ọjọ́ méjì mẹ́ta. Ọmọ tí kò wọ̀ ọ́ rí yóò fẹ́ bọ́ ọ sílẹ̀ ní àárín omi, nítorí ooru ń mú un, gilé sì ń há a lọ́rùn.

Gilé kì í ṣe ohun tí gbogbo ènìyàn lè rà lójú ẹsẹ̀. Mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí agbo ilé kan, tàbí àwọn obìnrin tó ń dá àjọ, bá ra méjì, ọ̀kan ti ọmọ kékeré, ọ̀kan ti èyí tó dàgbà díẹ̀, ẹni tó bá ń rìnrìn àjò yóò yá a, yóò sì dá a padà. Àwọn kan máa ń so bídọ̀ǹ òfìfo mọ́ ọmọ lẹ́yìn. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Bídọ̀ǹ tó wà lẹ́yìn yóò da ojú ọmọ délẹ̀ sínú omi. Bídọ̀ǹ lítà 5 tí a dé pinpin wúlò fún àgbà, bó bá gbá a mọ́ àyà. Kò rọ́pò gilé fún ọmọdé.

Ọmọ ọwọ́ ńkọ́? Bó bá kéré débi pé gilé tó kéré jù lọ ṣì tóbi fún un, ẹ má gbé e wọ ọkọ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, tàbí kí ẹ gba ọ̀nà mọ́tò níbi tí ọ̀nà mọ́tò bá wà. Àwọn tí ẹ ń lọ kí yóò yọ̀ mọ́ ọmọ náà lẹ́yìn oṣù díẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tí yóò bí àwọn ìyá àgbà nínú, ṣùgbọ́n n óò sọ ọ́. Ẹ má pọn ọmọ nínú ọkọ̀ ojú omi. Lórí ilẹ̀, ẹ̀yìn ìyá ni ibi tó dára jù lọ fún ọmọ. Lórí omi, kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ọkọ̀ bá dojú dé, ọ̀já ti di ọmọ mọ́lẹ̀. Omi mú kí ìdì ọ̀já le, ìka kò sì lè tú u. Ìyá ń jà láti mí, kò rí ọmọ tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹ tó fi ẹsẹ̀ kan sínú ọkọ̀, ẹ tú ọ̀já. Ẹ gbé ọmọ síwájú, lórí itan, òun nínú gilé tirẹ̀, ẹ̀yin nínú gilé tiyín. Ẹ má so ọmọ mọ́ ara yín. Ẹ má so ó mọ́ ọkọ̀.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ̀rọ̀ omi mímu. Kì í ṣe òní ni ọmọ kékeré ti ń bá òbí rẹ̀ wọ ọkọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ Àjàṣẹ́, ẹ mọ àwọn Àgùdà. Wọ́n kó àwọn baba ńlá wọn lẹ́rú lọ sí Bàhíà ní ilẹ̀ Bùràsíìlì. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ní 1835, àwọn ẹrú Mùsùlùmí dìde sí ìjọba ní Bàhíà. Lẹ́yìn ìyẹn, ìjọba fi ayé ni àwọn ènìyàn dúdú lára níbẹ̀. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ti gba òmìnira bá padà wá sílé, sí Agoué, sí Ouidah, sí Àjàṣẹ́, sí Èkó. Wọ́n kó ìyàwó, wọ́n kó ọmọ. Ọkọ̀ ìgbà náà, aṣọ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ló ń gbé e lọ. Wọ́n ń lo oṣù kan lórí òkun, nígbà mìíràn ó ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí afẹ́fẹ́ bá dákẹ́, ọkọ̀ dúró. Omi yí wọn ká, ṣùgbọ́n omi iyọ̀ ni. Èyí tí wọ́n pọn sínú àgbá ní èbúté ni wọn yóò mu títí wọn yóò fi rí ilẹ̀. Ìyá tó bá gbé ọmọ wọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ní láti mọ iye omi tó kan ọmọ rẹ̀ lójúmọ́.

Ẹ wo Àjàyí Crowther pẹ̀lú. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jù ú sínú ọkọ̀ ẹrú ní Èkó ní 1822. Kò sí ẹni tó múra ohunkóhun sílẹ̀ fún un. Ọkọ̀ ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ló gba òun àti àwọn yòókù sílẹ̀, ó sì kó wọn lọ sí Sàró. Nígbà tó di 1845, òun fúnra rẹ̀ ti di bàbá ọmọ. Ó kó ìyàwó àti ọmọ wọ ọkọ̀, wọ́n gba orí òkun láti Sàró wá gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì, létí ọ̀sà tó ti ọ̀dọ̀ wa lọ.

Lórí ọ̀sà tiwa, ìrìn wákàtí ni, kì í ṣe ti oṣù. Síbẹ̀, ẹ ka omi bí wọ́n ti kà á. Omi ọ̀sà kò ṣeé mu. Ní 1885, àwọn Faransé la ojú omi sí òkun ní Kútọnu, kí ẹ̀kún omi lè rí ibi ṣàn sí. Láti ìgbà náà, omi òkun ń gba ibẹ̀ wọlé nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Nígbà òjò, iyọ̀ rẹ̀ dín kù, ṣùgbọ́n ìdọ̀tí ilé àti ti ọjà wà nínú rẹ̀. Ẹ gbé omi tiyín láti ilé nínú bídọ̀ǹ tó mọ́, tó ní ìdérí. Bí ìrìn bá jẹ́ wákàtí méjì, ẹ gbé omi tí yóò tó ọmọ àti ìyá di alẹ́. Mọ́tò ọkọ̀ lè kú. Ewéko omi, èyí tó ń yọ òdòdó aláwọ̀ àlùkò, lè dí ọ̀nà, kí wọ́n máa fi ọwọ́ fà á títí.

Oúnjẹ, ẹ jẹ́ kó fúyẹ́: àkàsà, búrẹ́dì, ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó pọ́n. Ẹ fi àkàrà àti ohun olóròóró sílẹ̀ di ìgbà tí ẹ bá dé. Ẹ má fún ọmọ kékeré ní ẹ̀pà nínú ọkọ̀; bí ọkọ̀ bá fò, ẹ̀pà lè há a lọ́fun. Bí òòyì bá ń kọ́ ọmọ, ẹ jẹ́ kó kọjú sí iwájú, kó máa wo ọ̀ọ́kán, kí atẹ́gùn fẹ́ sí i. Ẹ má fún un ní oògùn tí àgbà ń lò fún èébì. Ẹ mú àpò kékeré tí wọ́n kọ SRO sí lára dání, méjì tàbí mẹ́ta, láti ilé ìwòsàn. Bí èébì tàbí ìgbẹ́ gbuuru bá mú un, ẹ po àpò kan sínú lítà 1 omi tó mọ́, kí ẹ máa fún un mu díẹ̀díẹ̀. Bí SRO kò bá sí, ṣíbí tíì 6 ṣúgà tí a rẹ́ lẹ́nu dọ́gba, pẹ̀lú ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀, nínú lítà 1 omi. Ẹ má jẹ́ kí iyọ̀ jù bẹ́ẹ̀. Ẹ mú fìlà dání fún oòrùn, aṣọ gbígbẹ kan nínú ọ̀rá, àti àpò ẹ̀fọn fún òru ibi tí ẹ ń lọ.

Ó ku ìwé. Ẹ mú ìwé pélébé kan, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín kọ orúkọ ọmọ sí i, orúkọ bàbá, orúkọ ìyá, orúkọ abúlé, àti nọ́ńbà fóònù ẹni tó wà nílé. Ẹ wé e sínú ọ̀rá, ẹ rán an mọ́ inú ẹ̀wù ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́ta lè sọ pé "Ìyá mi ni Màmá." Kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ kọ òmíràn sílẹ̀ fún ẹni tó wà nílé: èbúté tí ẹ ti wọkọ̀, orúkọ ọlọ́kọ̀, ibi tí ẹ ń lọ, wákàtí tó yẹ kí ẹ dé. Bí ẹ kò bá dé, ẹni náà yóò mọ ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè.

Bó bá jẹ́ òkun gan-an lẹ fẹ́ gbà, bí àwọn tó ń wá iṣẹ́ lọ sí Gábọ̀n, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Ìgbì etíkun wa le. Kí wọ́n tó ṣí èbúté Kútọnu ní 1965, ọkọ̀ ńlá kì í lè súnmọ́ ilẹ̀. Ọ̀ọ́kán ló ń dúró, wọn a máa fi ọkọ̀ kékeré kó ènìyàn, wọn a sì fi agbọ̀n gbé wọn sókè sórí afárá irin, àgbà àti ọmọdé. Lónìí, èbúté wà, ṣùgbọ́n àwọn kan ṣì ń fi ọkọ̀ igi jalè gba òkun ní òru. Kò sí ìmúra kankan tó lè sọ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ di ohun tí a ń gbé ọmọ wọ̀.

Kí ẹ má sì ṣe fi ọmọ lé ẹlòmíràn lọ́wọ́ pé kó bá yín gbé e gba òkun. Ní 2001, ọkọ̀ kan tí ń jẹ́ Etireno kúrò ní Kútọnu lọ sí Gábọ̀n. Wọn kò jẹ́ kó gúnlẹ̀ níbẹ̀, wọn kò jẹ́ kó gúnlẹ̀ ní Kamẹrúùnù. Ó ń káàkiri lórí òkun títí ó fi padà sí Kútọnu ní ọjọ́ 17 oṣù kẹrin. Àwọn ọmọdé wà nínú rẹ̀ tí kò sí òbí pẹ̀lú wọn, tí wọ́n ń kó lọ síbi iṣẹ́. Ní 2006, ìjọba Bẹ̀nẹ̀ ṣe òfin lórí ọ̀rọ̀ yìí, Òfin 2006-04. Ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18 kò gbọdọ̀ jáde kúrò ní ilẹ̀ wa láìsí òbí rẹ̀, àfi bí ìwé àṣẹ ìjọba bá wà. Bí ẹ bá ń gbé ọmọ tiyín pàápàá kọjá ààlà lọ sí Àgbádárìgì, ẹ mú ìwé ọjọ́ ìbí rẹ̀ dání. Bó bá jẹ́ ọmọ ẹ̀gbọ́n yín ni, ẹ kọ́kọ́ lọ béèrè ìwé àṣẹ lọ́dọ̀ ìjọba.

Ọjọ́ wo ló dára? Ẹ̀yin àgbẹ̀ mọ ojú ọ̀run jù mí lọ, nítorí náà n kò ní pẹ́ níbí. Àárọ̀ ni kí ẹ lọ. Lọ́sàn-án, afẹ́fẹ́ òkun ń gbéra láti gúúsù, ọ̀sà a máa ru, pàápàá Nokoué tó gbòòrò. Nígbà tí òjò bá ń bẹ̀rẹ̀ àti nígbà tó bá ń parí, ìjì líle máa ń ti ìlà oòrùn wá pẹ̀lú ìkùukùu dúdú bí ògiri. Bí ẹ bá rí i, ẹ má wọkọ̀. Bí ẹ bá ti wà lórí omi, ẹ ní kí ọlọ́kọ̀ yà sí etí ilẹ̀ tó súnmọ́ jù lọ. Ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá, òjò òkè ọ̀hún ti kún odò Wẹmẹ, omi rẹ̀ sì ń sáré. Nígbà ọyẹ́, ẹ dúró kí ìrì àárọ̀ ká kí ẹ tó lọ. Òru, rárá. Àwọn apẹja ti ri igi mọ́ inú omi fún akája wọn, ọkọ̀ tó bá kọlu igi náà lóru lè fọ́ tàbí kó dojú dé.

Ẹ wá dé èbúté. Ọlọ́kọ̀ ń pè yín, ó ní ẹ yára, ó ku ènìyàn méjì. Ẹ má yára. Ẹ wo inú ọkọ̀. Ṣé omi ti kún ìsàlẹ̀ rẹ̀? Ṣé igbá ìgbọ́nmi wà? Bó bá jẹ́ ọkọ̀ mọ́tò, ṣé àjẹ̀ tàbí ọ̀pá wà níbẹ̀ pẹ̀lú? Ṣé bídọ̀ǹ epo mọ́tò ló kún inú rẹ̀, èyí tí wọ́n ń kó bọ̀ láti Nàìjíríà? Ọkọ̀ epo kì í ṣe ọkọ̀ ọmọdé. Sìgá ẹnìkan ti tó. Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí ọkọ̀ nígbà tí gbogbo èrò bá ti jókòó. Bó bá jẹ́ ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan péré ló fi ga ju omi lọ, ẹ sọ̀kalẹ̀. Ẹ jẹ́ kí wọ́n bú yín. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2002, ọkọ̀ ńlá kan tí ń jẹ́ Joola dojú dé lórí òkun nítòsí Gáńbíà. Ọkọ̀ ìjọba Senegal ni. Ènìyàn bí 580 ni wọ́n ṣe é fún. Àwọn tó kú nínú rẹ̀ ju 1,800 lọ. Ọkọ̀ irin ni, ó tóbi, síbẹ̀ àpọ̀jù èrò wà lára ohun tó dà á. Mélòó wá ni ọkọ̀ igi?

Ẹ jókòó sí àárín, sí ìsàlẹ̀, kì í ṣe sórí etí ọkọ̀. Ẹ jìnnà sí mọ́tò, nítorí irin tó ń yí lábẹ́ omi a máa gé ọwọ́. Bí ẹ bá jẹ́ méjì, ẹ yan ẹnìkan tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju wíwo ọmọ lọ. Kì í ṣe "gbogbo wa ń wò ó." Ibi tí gbogbo ènìyàn ti ń wo ọmọ, kò sí ẹni tó ń wò ó. Bó bá rẹ ẹni náà, kó sọ ọ́ jáde pé: "Ó di ọwọ́ rẹ o," kí ẹnìkejì sì dáhùn. Ẹ bọ́ bàtà ọmọ sínú àpò. Ẹ̀yin ti mọ ìdí rẹ̀.

Bí ọmọ bá bọ́ sómi ńkọ́? Ẹ fi ìka tọ́ka sí i, ẹ má mú ojú kúrò lára rẹ̀. Kí ọlọ́kọ̀ pa mọ́tò. Ẹ na àjẹ̀ tàbí aṣọ sí i, tàbí kí ẹ ju bídọ̀ǹ òfìfo sí ẹ̀bá rẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀wẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ tẹ̀lé e. Bí ẹ bá fà á jáde tí kò mí, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ gbé e kọ́, ẹ má tẹ ikùn rẹ̀, ẹ má da epo pupa sí i lẹ́nu. Ọ̀pọ̀ ọmọ ló ti bá irú ìdádúró bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ tẹ́ ẹ sílẹ̀ kó dojú sókè. Ẹ gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ fún imú rẹ̀ pa, ẹ fi ẹnu yín bo ẹnu rẹ̀, ẹ fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀marùn-ún, kí ẹ rí i pé àyà rẹ̀ ń gòkè. Bó bá jẹ́ ọmọ ọwọ́, ẹ fi ẹnu bo ẹnu àti imú pọ̀. Bí kò bá tíì mí, ẹ fi ìdí àtẹ́lẹwọ́ kan tẹ àárín àyà rẹ̀ wọlé nígbà 30, kíákíá. Ọmọ ọwọ́, àtàǹpàkò méjì ni kí ẹ fi tẹ̀ ẹ́. Ẹ tún fẹ́ èémí sí i lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ tún tẹ̀ ẹ́ nígbà 30. Ẹ má dúró títí yóò fi mí tàbí títí oníṣègùn yóò fi dé. Ẹ ní kí wọ́n kọ́ yín ní èyí ní ilé ìwòsàn. Ó yá ojú láti rí i ju láti kà á lọ.

Ọmọ tó ti mu omi, bó tilẹ̀ ń rẹ́rìn-ín, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Omi tó wọ ẹ̀dọ̀fóró lè bẹ̀rẹ̀ ìjà lẹ́yìn wákàtí mélòó kan. Èmi kò gbé tèmi lọ. Ó jẹ ìrẹsì níbi ìsìnkú, ó sùn, mo sì jókòó tì í ní gbogbo òru, mò ń gbọ́ bó ṣe ń mí.

Nígbà tí ẹ bá gúnlẹ̀, ẹ má jẹ́ kí ìdùnnú mú yín dìde lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí ẹ̀bá ilẹ̀ ni ọkọ̀ ti ń dà jù. Kí àgbà kan kọ́kọ́ sọ̀kalẹ̀, kó dúró gbọin-in. Kí ẹnìkejì gbé ọmọ fún un láti inú ọkọ̀. Ẹrù kẹ́yìn. Gilé ọmọ kò gbọdọ̀ bọ́ lọ́rùn rẹ̀ títí ẹ ó fi kúrò létí omi pátápátá. Lẹ́yìn náà, ẹ fi omi tútù ṣan iyọ̀ kúrò lára rẹ̀, ẹ sá a sí ibòji kó gbẹ, kí ẹ sì fi pamọ́ síbi tí àwọn ọmọ ilé kò ti ní fi ṣe ìrọ̀rí, nítorí ẹ ó tún lò ó nígbà tí ẹ bá ń padà.